Bíìlì ìtọ́jú dé lẹ́yìn ọdún kan: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Orúnkún Ò Gbọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí kó tó gba oorun lójú mi.

Ọdún 2013 ni mo wọ iṣẹ́ ológun nípasẹ̀ ètò MAVNI, èyí tí wọ́n fi gba àwa tá a wà nílùú lọ́nà tó bófin mu ṣùgbọ́n tá ò ní gíríìnì káàdì, nítorí èdè tá a gbọ́. Yorùbá wà nínú àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu ìyá mi ló bá mi gba ìwé ọmọ ìlú. Mo ṣe ọdún mẹ́jọ, orúnkún ọ̀tún bá a lọ, wọ́n sì fún mi ní rating 20%, ìyẹn ìwọ̀n àbọ̀ ara tí iṣẹ́ ológun fà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń gbé ilé tí mo ti kó kúrò pè mí pé lẹ́tà mi ti pọ̀ lọ́wọ́ òun. Mo tú wọn, mo bá bíìlì copay nínú wọn, ìyẹn ìpín tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń san nínú owó ìtọ́jú, láti ọ̀dọ̀ VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, $160 lápapọ̀. Dókítà ọkàn lẹ́ẹ̀mejì, $50 lẹ́ẹ̀kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń kó ti oṣù mẹ́ta fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́ẹ̀mẹrin: oṣù Kìíní, ìparí oṣù Kẹrin, oṣù Keje, oṣù Kẹwàá, $15 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀, ti ọdún tó kọjá ni! Ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ni wọ́n sì kọ bíìlì náà.

Ìyàwó mi ní kí n san án kí ọkàn wa balẹ̀. Èmi ò fẹ́ san gbèsè tí mi ò jẹ, ṣùgbọ́n a ń gbìyànjú àtira ilé, mi ò sì fẹ́ kí orúkọ mi bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo kírẹ́díìtì. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Baltimore

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì san nǹkan kan, ẹ má sì jẹ́ kí bíìlì yẹn sọnù.

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ fi bíró yí ọjọ́ méjì po lórí rẹ̀: ọjọ́ tẹ́ ẹ gba ìtọ́jú àti ọjọ́ tí wọ́n kọ bíìlì. Ọjọ́ ìtọ́jú ló máa sọ bóyá ẹ jẹ gbèsè. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ló ń ka àkókò lé yín lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ju iye owó lọ.

Ẹni tí rating rẹ̀ bá ti dé 10%, kì í san copay fún rírí dókítà VA, ì báà jẹ́ dókítà gbogboogbò tó jẹ́ $15 fún àwọn tó ń san, ì báà jẹ́ ti àkànṣe tó jẹ́ $50. Kì í san ti ibùsùn náà bí wọ́n bá dá a dúró sí ọsibítù. Ẹ̀yin ní 20%. Ibo wá ni $100 dókítà ọkàn ti wá? Èmi ò rí i.

Oògùn ni tirẹ̀ yàtọ̀. Oògùn fún àìsàn tí kì í ṣe iṣẹ́ ológun ló fà á, ẹni tó wà ní 40% sísàlẹ̀ lè san án: $5, $8 tàbí $11 fún ti ọgbọ̀n ọjọ́, bí ìpele oògùn náà bá ṣe rí. Tiyín jẹ́ $5, ìyẹn ló fi di $15 fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá dé 50% kò san rárá. Bí owó oògùn èèyàn bá sì pé $700 láàárín ọdún kan, ó parí fún ọdún yẹn nìyẹn.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé 20% yẹn náà lẹ ṣì wà?

Bàbá Ìbejì, Atlanta

Ọmọ mi, ìyàwó yín sọ òótọ́. Èmi kì í bá ìjọba ṣe àríyànjiyàn. Mi ò ní rating kankan, ẹni tó ń san $15 ni mí, bí bíìlì bá ti dé ni mo máa ń san án.

Ohun tójú mi rí ló kọ́ mi. Mo lọ sí Ìbàdàn, mo ní oṣù méjì ni mo máa lò, oṣù méje ni mo lò. Ẹ ṣáà mọ bí ilé ṣe ń rí: òkú ẹ̀gbọ́n, ilé tí à ń kọ́, ayálégbé tí kò fẹ́ jáde. Àwọn ọmọ mi ń kó lẹ́tà mi sínú páálí bàtà, wọ́n ní àwọn ò lè tú ìwé bàbá wò. $45 péré ni. Kí n tó dé, ó ti di ti Iléeṣẹ́ Ìṣúra ìjọba àpapọ̀. Wọ́n yọ ọ́ nínú owó orí tó yẹ kí wọ́n dá padà fún mi, pẹ̀lú owó iṣẹ́ àwọn tó gbà á. Ẹ̀bi tèmi ni. Nítorí náà, ẹ san án kẹ́ ẹ lọ sùn.

Sájẹ́ńtì Killeen

Bàbá, ẹ kú àjò, ẹ kú àṣẹ̀yìndè òkú ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yé mi, ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fà yọ níbẹ̀ ni mi ò lè bá yín gbà. Kì í ṣe àìsanwó ló kó bá yín, àìdáhùn ni. Bí ẹ bá kọ ìwé láti Ìbàdàn pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ì bá má dé ibẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin Orúnkún, ẹ gbọ́. Mo ti ń ran àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún bíi mélòó kan, lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ bíìlì, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní kí èlé àti owó ìpẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá máa jiyàn, inú ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ jiyàn, kó sì jẹ́ ní kíkọ. Bó bá di 120 ọjọ́ láìsí owó, láìsí ìwé, VA lè gbé e fún Iléeṣẹ́ Ìṣúra, kí ohun tó ṣe Bàbá wa ṣe ẹ̀yin náà. Wọ́n tún lè máa yọ ọ́ nínú owó àbọ̀ ara tẹ́ ẹ ń gbà lóṣooṣù. Ẹ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ni wọ́n kọ tiyín, àyè ṣì wà.

Ìwé náà ò gbọ́dọ̀ gùn. Orúkọ, nọ́ńbà tó wà lórí bíìlì, ìlà tẹ́ ẹ ń jiyàn lé lórí pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ìdí kan ṣoṣo fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ so ẹ̀dà lẹ́tà rating yín mọ́ ọn. Ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ní ọsibítù VA tó sún mọ́ yín lẹ máa kó o fún, kẹ́ ẹ gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ tún pe 866-400-1238, nọ́ńbà tí VA yà sọ́tọ̀ fún bíìlì copay. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ àti aago tẹ́ ẹ pè. Fóònù nìkan ò tó o. Mo ti rí ẹni tó pè lẹ́ẹ̀mẹfà tí kò ní ẹ̀rí pé òun pè rí.

Ẹ má ṣe pe St. Paul ní Minnesota. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bójú tó gbèsè owó àbọ̀ ara àti ti ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe copay. Àwọn ènìyàn ń lo odidi òwúrọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún wọn pé wọ́n ṣìnà.

Ní ti kírẹ́díìtì: láti 2022, ìlànà VA ni pé wọn ò ní fi gbèsè ìtọ́jú sùn àwọn tó ń wo kírẹ́díìtì àyàfi bí wọ́n bá ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà mìíràn tán. Èyí tí kò bá ju $25 lọ, wọn ò ní fi sùn rárá. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ ilé yín lọ.

Orúnkún Ò Gbọ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè yín kàn mí lára. Mo kọ̀wé ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá nítorí ẹ̀yìn mi àti etí mi. Oṣù Kejì ọdún yìí ni ìdáhùn dé, wọ́n gbé mi sí 50%. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn, ọdún tó kọjá ni mo gbà á, nígbà tí mo ṣì wà ní 20%. Ṣé kì í ṣe pé mo jẹ ẹ́ náà nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Baltimore

Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹ lọ wo lẹ́tà ìpinnu yẹn dáadáa. Ọjọ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí 50% náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ tí ìwé yín dé ọwọ́ wọn ni, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dáhùn. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹta ni, a jẹ́ pé láti oṣù Kẹta lẹ ti di ẹni tí kì í san owó oògùn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà. Ti ìparí oṣù Kẹrin, ti oṣù Keje, ti oṣù Kẹwàá, gbogbo wọn á kúrò. Ẹni tó bá ti san irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á dá a padà fún un. Ẹ béèrè, ẹ má ṣe jókòó máa retí pé kọ̀ǹpútà á rántí yín.

Ẹ̀yin mìíràn tẹ́ ẹ ń ka èyí, tí rating yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, ẹ lọ kó gbogbo bíìlì àtẹ̀yìnwá jáde. Owó yín lè wà níbẹ̀.

Táyé Brooklyn

Ìbéèrè kékeré. Mo rí bíìlì àtijọ́ kan nínú ìwé mi, ìtọ́jú oṣù Karùn-ún 2021. Mi ò mọ̀ bóyá mo san án.

Sájẹ́ńtì Killeen

Táyé, òfin American Rescue Plan ti 2021 fagi lé gbogbo copay láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2020 dé ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021, nítorí Kòrónà. Bẹ́ ẹ bá san án, ó yẹ kí wọ́n ti dá a padà. Ẹ pe nọ́ńbà tí mo kọ sókè yẹn.

Ìyá Dáre, Dallas

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, torí mi ò rí i kẹ́nikẹ́ni mẹ́nu kan bíìlì tó ń wá láti ìta.

Ọkọ mi ló ṣe sójà. Lóru ọjọ́ kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, mo gbé e lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ wa jù, kì í ṣe ti VA. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ti sọ fún mi tipẹ́: bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, VA gbọ́dọ̀ gbọ́ láàárín wákàtí 72. Ọsibítù lè sọ fún wọn, ìwọ náà lè sọ fún wọn, nọ́ńbà rẹ̀ ni 844-724-7842. Èmi ò dúró de ọsibítù. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí, mo ti pè.

Ó bọ́ sí i, VA gbà á. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún ni bíìlì $412 dé sílé lórúkọ ọkọ mi. Kì í ṣe ti ọsibítù o, ti àwọn dókítà tó ka àwòrán àyà rẹ̀ ni, iléeṣẹ́ tiwọn dá dúró gedegbe. Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Màdámù, bí VA ò bá san, ẹ̀yin lẹ máa san án." Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ti bi VA léèrè?" Ó dákẹ́. Wọn ò bi wọ́n léèrè. Àdírẹ́sì ilé wa ni wọ́n rí nínú ìwé, àdírẹ́sì ilé wa ni wọ́n kọ ránṣẹ́.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé bí VA bá ti fọwọ́ sí ìtọ́jú ìta, dókítà tó wà nínú ètò wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi bíìlì ránṣẹ́ sí ológun náà. VA ni yóò san án. Bí copay bá wà níbẹ̀, VA fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sí yín. Ẹni tó bá ń rí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà ìta tàbí àwọn agbowó-gbèsè, kó pe 877-881-7618. Mo fún wọn ní nọ́ńbà àṣẹ tó wà lórí ìwé wa, wọ́n bá àwọn dókítà náà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ìpè mẹ́rin.

Mi ò fi káàdì insurance ibi iṣẹ́ mi sí àpò ọkọ mi mọ́. Káàdì VA rẹ̀ ló wà níwájú báyìí, torí káàdì tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n ń kọ.

Àkàndé Minneapolis

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníjìbìtì náà o. Ẹnì kan pè mí pé láti Iléeṣẹ́ Ìṣúra ni òun ti ń pè, pé mo jẹ gbèsè VA, kí n lọ ra káàdì ẹ̀bùn ní ṣọ́ọ̀bù kí n ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ fún òun. Mo ní kó dúró, mo lọ ra iṣu. Bíìlì VA ń wá nínú lẹ́tà, ó sì máa ń hàn lórí VA.gov. Ibẹ̀ tàbí pay.gov ni wọ́n ti ń san án, tàbí kẹ́ ẹ fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Providence

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó jẹ gbèsè náà lóòótọ́ ńkọ́? Èmi ò ní awuyewuye. Iye rẹ̀ tọ́, ọjọ́ rẹ̀ tọ́. Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ mi ní oṣù Kẹsàn-án, $230 ò sí nílẹ̀.

Sájẹ́ńtì Killeen

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ dáhùn nìkan, má jẹ́ kó dákẹ́ lọ. Fọ́ọ̀mù 5655 ni ti gbèsè tó ti wà nílẹ̀: ẹ máa kọ ohun tó ń wọlé, ohun tó ń jáde àti ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́, yálà kí wọ́n fagi lé e, kí wọ́n gba díẹ̀ níbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Fọ́ọ̀mù 10-10HS ni ti ọjọ́ iwájú, pé owó yín ti dín kù, kí wọ́n má kọ copay sí yín mọ́ fún ọdún yìí. Èkejì kì í pa àkọ́kọ́ rẹ́, ẹ kọ méjèèjì. Wọn ò sì ní lé yín kúrò lọ́dọ̀ dókítà nítorí pé ẹ jẹ gbèsè. Ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú dá oògùn dúró.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí bíìlì fi ń pẹ́. Ọ̀nà rẹ̀ gùn. Dókítà ìta máa kọ́kọ́ fi bíìlì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí VA, ó sì lè pẹ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. VA á wá wò ó bóyá àìsàn náà jẹ mọ́ iṣẹ́ ológun. Bí kò bá jẹ mọ́ ọn, tẹ́ ẹ sì ní insurance ibi iṣẹ́, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá san lè dín copay yín kù, ẹ má fi insurance pamọ́ fún VA. Lẹ́yìn ìyẹn ni copay tó ń kàn. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tó wà ní Atlanta tí wọ́n ń fi owó tẹ́ ẹ sọ pé ó ń wọlé wé ohun tó wà lọ́dọ̀ IRS tó ń gba owó orí àti Social Security tó ń san owó ìfẹ̀yìntì. Bí kò bá dọ́gba, ẹgbẹ́ tí VA fi yín sí nítorí owó tó ń wọlé lè yí padà, bíìlì á sì yọ láti ẹ̀yìn. Nítorí náà, bí owó yín bá yí padà, ẹ kọ fọ́ọ̀mù 10-10EZR láti sọ fún VA. Ẹ má dúró dè wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Baltimore

Mo fẹ́ fi ẹyọ kan kún un, torí àwọn ọkùnrin wa kì í béèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí dókítà fún ìlera ọpọlọ láàárín ọdún, kò sí copay, títí di ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 2027. Bí ẹ bá rí i lórí bíìlì, ẹ kà á dáadáa, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ẹ má sì torí owó sá fún wọn.

Sájẹ́ńtì Killeen

Òótọ́ ni. Ẹni tí ìwé kíkọ bá sì nira fún, ó lè lọ bá àwọn ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun lọ́wọ́, bíi DAV, VFW tàbí American Legion, ọ̀fẹ́ ni. Ọsibítù VA kọ̀ọ̀kan náà ní ẹni tó ń gbẹnu sọ fún aláìsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kí òun tó bá yín jiyàn lórí copay, ẹ dìde níbẹ̀.

Orúnkún Ò Gbọ́

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹ máa bínú.

Lẹ́tà ìpinnu mi ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ni 50% ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ìwé ojú ewé kan, mo kó o lọ sí ọsibítù tó wà nítòsí mi níbí, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà mi. Mo pè náà. Orin tí wọ́n fi ń dá èèyàn dúró lórí fóònù yẹn, ìṣẹ́jú 47, mo ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Wọ́n yọ $100 dókítà. Wọ́n yọ oògùn mẹ́ta. Ti oṣù Kìíní ló kù, $15, mo sì san án lórí fóònù níbẹ̀, torí mo jẹ ẹ́. Àdírẹ́sì ni mo kọ́kọ́ yí padà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rò pé bí mo bá ti sọ fún ilé ìfìwéránṣẹ́, ó parí. Kò parí, VA gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́tọ̀.

Ìyàwó mi ní kí n kí yín.

Bàbá Ìbejì, Atlanta

Ẹ kú oríire. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo ní kí Kẹ́hìndé bá mi ṣí VA.gov. Wọ́n fi Login.gov ṣe é, wọ́n ya fọ́tò ojú mi. Mo bá $15 kan níbẹ̀ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọjọ́. Dókítà gbogboogbò, ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ san án bí mo ṣe máa ń ṣe ni Kẹ́hìndé ní, "Dádì, oṣù Kẹfà kẹ̀? Ìbàdàn lẹ wà."

Nọ́ọ̀sì Baltimore

Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ lọ mú pásípọ́ọ̀tù yín wá.

Bàbá Ìbejì, Atlanta

Ó ti wà lọ́wọ́ mi. Òǹtẹ̀ Ìkẹjà wà níbẹ̀, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ni mo wọlé. Kẹ́hìndé ń ya ojú ewé náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Sájẹ́ńtì, ojú ewé mélòó lẹ ní kí ìwé náà jẹ́?

Sájẹ́ńtì Killeen

Ẹyọ kan, Bàbá. Ẹ so ẹ̀dà òǹtẹ̀ yẹn mọ́ ọn.